Ta Ni Yóò Máa Bọ́ Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Odò?

Ní Akparé, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé agbègbè Atakpamé, kò ṣàjèjì láti rí òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a sá sí oòrùn. Rédíò kò dún ketekete mọ́, owó bátìrì tuntun kò sì tíì sí nílẹ̀. Onílé a tú òkúta náà jáde, a sá a bí ẹni sá èlùbọ́. Tí ó bá di alẹ́, rédíò a tún fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe idán. Inú bátìrì ni àwọn èròjà kan wà tí ń jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀, jíjẹ náà ni ó sì ń mú iná jáde. Bí ó bá ti rẹ̀ wọ́n, ooru a máa ta wọ́n jí fún ìwọ̀nba wákàtí. Ṣùgbọ́n oòrùn kan náà tí ó ń ta bátìrì àlòkù jí ni ó ń pa bátìrì tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ohun tí ó mú wa sọ̀rọ̀ bátìrì lórí ojú ìwé yìí ni ìkéde kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2022, António Guterres, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kéde pé gbogbo ènìyàn lórí ilẹ̀ ayé gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ètò ìkìlọ̀ tí yóò máa ta wọ́n lólobó kí ìjì, ọ̀dá tàbí àkúnya omi tó dé. Òpin ọdún 2027 ni a dá fún iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ dídára ni. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnìkan tàbí ohun kan ní láti rí omi náà ní òkè odò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ibi púpọ̀, ẹ̀rọ ìwọ̀n ni ohun náà. Ẹ̀rọ kékeré ni, tí ó wà ní etí odò tàbí láàárín pápá. Ó ń wọn gíga omi tàbí iye òjò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ń kìlọ̀. Ibi tí a gbé e sí kì í sábà ní wáyà iná mànàmáná. Bátìrì ni oúnjẹ rẹ̀.

Àwa ará Ogou mọ ìdí tí èyí fi kàn wá. Odò Ogou àti odò Anié ń ṣàn lọ bá odò Mono. Mono ń gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí gúúsù. Nígbà tí ó bá sún mọ́ òkun, òun ni ààlà Togo àti Benin. Láti 1987 ni ìsédò Nangbéto ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tí ó ń fún orílẹ̀-èdè méjèèjì ní iná; mẹ́gáwáàtì 65 ni agbára rẹ̀. Nígbà tí òjò bá pọ̀ ní òkè tí adágún náà sì kún, àwọn tí ń ṣọ́ ìsédò kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí wọ́n tú omi sílẹ̀. Àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò ni omi náà ń bá lójú oorun.

A kò gbàgbé ọdún 2008, nígbà tí afárá Amakpapé wó, tí ọ̀nà Lomé sí àríwá sì gé. Ní 2010, omi ba ilé àti oko jẹ́ gidigidi ní Togo àti ní Benin. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ṣáájú tó láti kó ọmọ, ewúrẹ́ àti irúgbìn lọ sí orí ilẹ̀ gíga. Wákàtí kan ṣáájú kò tó ohunkóhun.

Iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí èyí. Croix-Rouge ilẹ̀ Togo ní àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní abúlé etí odò. Wọ́n ń wo òpó tí a kùn ní àwọ̀ ewé, àwọ̀ òféèfé àti àwọ̀ pupa, wọ́n sì ń fi tẹlifóònù sọ ibi tí omi dé. Ètò kọ̀ǹpútà kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FUNES. Ó ń fi iye òjò tí ó rọ̀ ní òkè ṣírò bóyá Nangbéto yóò ní láti tú omi sílẹ̀ kí omi náà tó dé ibẹ̀. A bu ọlá fún àwọn olùyọ̀ǹda wọ̀nyí. Ojú ènìyàn kò nílò bátìrì. Ṣùgbọ́n ó nílò oorun, odò sì lè kún láàárín òru. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀rọ ran ojú lọ́wọ́, kì í ṣe láti lé ojú kúrò.

Ẹnìkan lè rò pé nǹkan tuntun ni ẹ̀rọ etí odò yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1974, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti gbógun ti àrùn ìfọ́jú etí odò, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní onchocercose. Orílẹ̀-èdè méje ni ó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Togo àti Benin wà lára wọn. Ouagadougou ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Eṣinṣin dúdú kékeré kan ni ó ń gbé àrùn náà kiri, inú omi tí ń sáré ni ìdin rẹ̀ sì ń dàgbà. Nítorí náà, ọkọ̀ òfurufú hẹlikópítà ń fò lórí àwọn odò, ó ń da oògùn sínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Báwo ni awakọ̀ ṣe lè mọ iye oògùn tí odò kan fẹ́? Bí omi bá pọ̀ tí oògùn sì kéré, ìdin kò ní kú. Bí omi bá fà tí oògùn sì pọ̀ jù, owó ṣòfò, ó sì lè pa ẹja pẹ̀lú. Ó di dandan kí wọ́n mọ gíga omi ní ọjọ́ náà gan-an, ní odò tí ó jìnnà sí títì. Àwọn onímọ̀ omi láti ORSTOM, ilé ìwádìí Faransé tí a ń pè ní IRD lónìí, wá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí etí ọ̀pọ̀ odò. Sátẹ́láìtì ni ó ń gba iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà rán. Argos ni orúkọ ètò sátẹ́láìtì náà, Faransé àti Amẹ́ríkà ni ó sì jọ dá a sílẹ̀ ní 1978. Ohun kan mú kí Argos dára fún ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń bá a sọ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ á ké ṣókí, á sì dákẹ́. Bí sátẹ́láìtì bá ń kọjá lókè, yóò gbọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ á tún ké láìpẹ́.

Ètò náà parí ní 2002. Ó ṣe iṣẹ́ ńlá: àìmọye ilẹ̀ ọlọ́ràá etí odò tí àwọn baba wa sá kúrò lórí rẹ̀ di ibi tí a lè padà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó rẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹrù ìtọ́jú ibùdó ìwọ̀n odò bọ́ sí ọrùn iléeṣẹ́ ìjọba tí kò ní owó púpọ̀. Jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibùdó ìwọ̀n tí ń ṣiṣẹ́ ti dín kù ju ti ìgbà àwọn baba wa lọ. Ìmọ̀ wà nígbà náà, ó sì wà lónìí. Ẹni tí yóò máa pààrọ̀ bátìrì ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Ìṣirò abà ni. Bátìrì dà bí àká tí a kò lè tún kó oúnjẹ sí lẹ́yìn tí a bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a ti ń fi òṣùwọ̀n wọn àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni a ń fi mílíámpù-wákàtí wọn ohun tí ó wà nínú bátìrì. A ó kàn máa pè é ní òṣùwọ̀n. Bátìrì ńlá ti tọ́ọ̀ṣì, bí ó bá jẹ́ irú dídára tí a ń pè ní alkaline, lè gba tó òṣùwọ̀n 12,000.

Ká ní a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ sí etí odò ní agbègbè wa. Ká ní ó ń jẹ òṣùwọ̀n 30 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá lajú sílẹ̀. Bí ó bá lajú tọ̀sán tòru, àká náà yóò ṣófo lẹ́yìn wákàtí 400. Kò pé ọjọ́ 17. Ta ni yóò máa rin ìrìn àjò lọ sí etí odò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ pààrọ̀ bátìrì?

Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ ń wá tí kò fi sùn? Odò kì í kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sùn, kí ó máa jí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó wo omi fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, kí ó sì padà sùn. Ìgbà 96 ni yóò jí lójúmọ́. Bí a bá ro gbogbo jíjí náà pọ̀, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Oúnjẹ jíjí jẹ́ òṣùwọ̀n 1.6 lójúmọ́. Ẹni tí ó sùn náà ṣì ń mí: ká ní oúnjẹ oorun rẹ̀ jẹ́ 1.2 lójúmọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.8. Àká 12,000 yìí kan náà wá tó fún ohun tí ó lé ní ọdún mọ́kànlá. Lórí ìwé ni o! Bátìrì fúnra rẹ̀ yóò ti gbó kí ọdún mọ́kànlá tó pé, pàápàá nínú ooru wa. Síbẹ̀, ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọjọ́ 17 àti ọdún mọ́kànlá. A kò ra bátìrì mìíràn. A kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn ni.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n òjò tilẹ̀ gbọ́n ju èyí lọ. Inú rẹ̀ ni abọ́ kékeré méjì wà lórí ọ̀pá kan, bí àwọn ọmọdé méjì tí ń ṣe eré jáńgílófà. Omi òjò ń kán sínú ọ̀kan. Nígbà tí ó bá kún, ó tẹ̀ sílẹ̀, ó da omi rẹ̀ nù, èkejì sì gòkè láti gba tirẹ̀. Bí ó ti ń tẹ̀ ni irin òòfà kan ń kọjá, tí ẹ̀rọ sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lọ́pọ̀ ìgbà, títẹ̀ kan jẹ́ mílímítà òjò 0.2. Bí òjò kò bá rọ̀, kò sí ohun tí yóò jí ẹ̀rọ. Òjò fúnra rẹ̀ ni ó ń kan ilẹ̀kùn.

Ibi tí oúnjẹ ti ń tán gan-an ni ibi ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ̀rọ tí ń fi tẹlifóònù ránṣẹ́ ní láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó kí i, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó dúró de èsì. Ká ní èyí gba ìṣẹ́jú kan, tí ó sì ń jẹ bí ẹni jẹ òṣùwọ̀n 200 ní wákàtí kan. Ìfiránṣẹ́ kan ṣoṣo jẹ́ òṣùwọ̀n 3.3. Ó ju gbogbo ohun tí ẹ̀rọ fi wo omi tí ó sì fi sùn ní ọjọ́ kan lọ! Bí ó bá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, àká wa tó fún ọdún márùn-ún. Bí ó bá ń ránṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí, kò tó oṣù márùn-ún. Bí ó bá ń ránṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ 37 ni yóò lò. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì ti fẹ́lẹ́, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ kòtò odò wa, ẹ̀rọ ní láti kígbe sókè sí i, kí ó sì tún un sọ. Ẹnikẹ́ni tí tẹlifóònù rẹ̀ ti gbóná nínú àpò níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ ohun tí à ń wí.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó ní làákàyè kì í sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láti sọ pé òun ṣì wà láàyè. Nígbà tí omi bá kọjá àmì tí a fi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí. Ká ní irú ọjọ́ kíkún bẹ́ẹ̀ jẹ́ 60 nínú ọdún. Gbogbo oúnjẹ ọdún náà kò tó òṣùwọ̀n 7,000. Bátìrì tí a pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún yóò tó, yóò sì ṣẹ́ kù. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún kómúùnù wa pé ẹ̀rọ òun ń fi ìròyìn ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí á má tètè pàtẹ́wọ́. Kí á kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ ooru tí a fi bẹ̀rẹ̀ wá dé wàyí. Bátìrì tí a kò lò pàápàá ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òfin tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé, bí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́wàá lé sí i, jíjẹ ara ẹni náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àpótí irin tí ó wà nínú oòrùn oṣù Kẹta ní ìlẹ̀ wa lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi ní ṣeé gbé lé e. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà funfun kun àpótí náà, tí ó ṣe ìbòòji lé e lórí, tí ó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráàyè gba abẹ́ rẹ̀, ti fi ìwọ̀nba owó ra oṣù púpọ̀.

Irú bátìrì náà tún ṣe pàtàkì. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí ó kún ọjà wa, ara rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀: agolo tí ó bò ó lára jẹ́ síǹkì, síǹkì náà ni ó sì ń jẹ láti mú iná wá. Nígbà tí ó bá jẹ agolo náà tán, ó lu, omi kíkan inú rẹ̀ a tú jáde, a sì ba ẹ̀rọ olówó gọbọi jẹ́. A ti rí i nínú rédíò wa. Alkaline sàn jù ú lọ. Irú mìíràn wà tí a fi lithium ṣe, tí ó lè wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìrẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í sí ní ọjà Atakpamé ní ọjọ́ gbogbo. Bátìrì tí a kò lè rí rà nítòsí, bí ó ti wù kí ó dára tó, ewu ni fún ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹ̀mí. Kí a má sì da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù nínú ẹ̀rọ kan; àlòkù ni yóò fa tuntun sẹ́yìn.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: kí ló dé tí a kò lo páńẹ́lì oòrùn? Ó dára, a sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ni a nílò ẹ̀rọ náà jù, nígbà náà sì ni oòrùn kéré jù. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a bò ó. Páńẹ́lì tí ń dán lórí òpó nínú igbó tún ń pe olè. Bátìrì tí ń gba iná láti ara páńẹ́lì pẹ̀lú ń gbó lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Páńẹ́lì kò mú ìtọ́jú kúrò. Ó kàn yí irú ìtọ́jú náà padà ni. Ètò kan wà tí a ń pè ní TAHMO. Yunifásítì Delft ní Netherlands àti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èrò wọn sì ni láti ní ibùdó ojú-ọjọ́ 20,000 ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ń gbé púpọ̀ nínú wọn sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Olùkọ́ á nu eruku orí rẹ̀, àwọn ọmọ á fi kọ́ ẹ̀kọ́, olè á sì rí ojú púpọ̀ tí ń wò ó.

Èyí tí ó ń bí wa nínú ni ti owó. Nígbà tí a bá ń ṣí irú iṣẹ́ báyìí, àsíá á fẹ́, a ya fọ́tò, a ka iye mílíọ̀nù tí ẹ̀rọ náà gbà. A kì í gbọ́ iye tí a yà sọ́tọ̀ fún bátìrì ọdún kẹta. Bẹ́ẹ̀ bátìrì kì í tán ní ọjọ́ tí ó wù wá. Ẹ rántí ìṣirò wa: ọjọ́ tí omi ń kún ni ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀ jù, ọjọ́ náà ni ó ń jẹun jù, ọjọ́ náà ni bátìrì tí ó ti rẹ̀ yóò kú. Ìwé àkọsílẹ̀ odò tí ó kún fún ihò, ìgbà àkúnya ni ihò rẹ̀ sábà máa ń wà. Àwọn tí yóò kọ́ afárá lọ́la yóò ṣí ìwé náà, wọn kò sì ní rí ibi gíga jù tí omi dé.

Ní 2014, Togo àti Benin fọwọ́ sí àdéhùn tí ó dá Autorité du Bassin du Mono sílẹ̀, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jọ tọ́jú odò náà. Láti ìgbà ìdìbò 2019, a sì tún ní ìgbìmọ̀ kómúùnù tí a fi ìbò yàn. Kò yẹ kí bátìrì bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì. Ní ojú tiwa, kí àjọ odò ra bátìrì, kí ó sì kó o wá ní oṣù Kẹta, kí òjò tó le. Kí kómúùnù yan ẹnì kan ní abúlé tí ó súnmọ́ ẹ̀rọ jù, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì gba owó díẹ̀ fún un. Kí ó kó àwọn àlòkù padà, nítorí àwọn ọmọdé ń fọ́ wọn ṣeré, oró inú wọn kò sì dára fún ilẹ̀ oko.

Ẹni náà kò ní láti jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìwé kékeré kan yóò wà nínú àpótí náà. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá pààrọ̀ bátìrì, yóò kọ ọjọ́ tí ó pààrọ̀ rẹ̀, ibi tí omi dé lára òpó ní ọjọ́ náà, àti orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ojú ìwé yìí, tí ẹ jáde ní kíláàsì àgbà ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, lè kọ ìlà mẹ́ta yẹn láìwo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sì lè kọ ọ́ ní èdè wa.